Owó Tí A Fi Kọ́ Ènìyàn Kì í Rì Sínú Òkun

Kókó ọ̀rọ̀ tí ìjíròrò yìí dá lé ni ìtàn àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí tí àwọn ìjọba ń sanwó fún ní yunifásítì, kí wọ́n lè kọ́ bí a ṣe ń fa iná mànàmáná jáde láti inú ìgbì òkun. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán ni. Ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ènìyàn ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ni wọ́n ti ń gbé oríṣiríṣi ẹ̀rọ sọ sínú òkun ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ìjì fọ́ àwọn kan, iyọ̀ òkun jẹ àwọn mìíràn, owó sì tán lọ́wọ́ àwọn tí ó ni àwọn ìyókù kí iṣẹ́ tó jinná. Síbẹ̀, ìmọ̀ náà kò parun, nítorí pé ó ti wọ orí àwọn ènìyàn kan kí àwọn ẹ̀rọ náà tó rì.

Owó tí a ń sọ yìí ni èyí tí ìjọba, àjọ ìwádìí tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá ń san fún ẹni tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, kí ó lè fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin jókòó ti ìbéèrè kan ṣoṣo. Nínú rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń jẹun, nínú rẹ̀ ni ó ti ń san owó ilé, òun náà ni wọ́n sì fi ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọn kò retí pé kí ó mú ẹ̀rọ tí a lè tà lọ́jà jáde. Ìwé ìwádìí ni wọ́n ń retí, àti oyè ọ̀mọ̀wé, àti ènìyàn kan tí yóò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Nítorí pé èrè irú owó bẹ́ẹ̀ kì í tètè hàn, òun ni ọ̀pọ̀ ìjọba máa ń kọ́kọ́ gé nígbà tí àpò bá fúyẹ́. Ohun tí ìgékúrò náà máa ń ná orílẹ̀-èdè ni ìtàn yìí fẹ́ fi hàn.

Ọdún tí epo gbówó lórí

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì ní apá kan, àti Íjíbítì pẹ̀lú Síríà ní apá kejì. Àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tí ó ní epo rọ̀bì dín epo tí wọ́n ń tà kù, wọ́n sì kọ̀ láti ta epo fún àwọn orílẹ̀-èdè kan rárá. Àgbá epo kan tí owó rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 3 fẹ́rẹ̀ẹ́ di dọ́là 12 nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974. Ohun tí ó jẹ́ ìyọnu fún ẹnìkan di ìrọ̀rùn fún ẹlòmíràn. Nàìjíríà, tí ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn olùta-epo ní 1971, rí owó tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ọdún 1973 yìí kan náà ni ìjọba Nàìjíríà fi òfin dá owó àkànlò kan sílẹ̀ láti inú èrè epo, kí wọ́n lè máa fi kọ́ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà ní iṣẹ́ epo rọ̀bì. Títí di òní ni owó náà ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí yunifásítì lókè òkun.

Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, ìyà ni ọ̀rọ̀ náà mú wá. Àwọn awakùsà èédú ń bá ìjọba fa wàhálà lórí owó iṣẹ́ wọn ní àkókò náà, èédú kò tó, epo sì ti wọ́n. Láti oṣù kíní títí wọ inú oṣù kẹta ọdún 1974, ìjọba pàṣẹ pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ lè lo iná mànàmáná láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ènìyàn ń tan àbẹ́là nínú ilé. Bí Nàìjíríà ti ń wá àwọn tí yóò mọ epo wà, bẹ́ẹ̀ ni Bìrìtéènì ń wá àwọn tí yóò mọ ohun tí a lè lò dípò epo. Orílẹ̀-èdè méjèèjì rí i pé owó nìkan kò tó, àfi kí ènìyàn tí ó mọ iṣẹ́ náà wà.

Stephen Salter, tí wọ́n bí ní South Africa ní 1938, wà ní Yunifásítì Edinburgh ní ilẹ̀ Skọ́tílándì nígbà náà. Ọmọ iṣẹ́ ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ irin. Láti 1967 ni ó ti wà ní Edinburgh, tí ó ń bá wọn ṣe ẹ̀rọ tí ó ń dá ronú bí ènìyàn. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé àìsàn ọ̀fìnkìn dá òun dúbúlẹ̀ ní 1973, ni ìyàwó òun bá ní kí òun yé káàánú ara òun lórí ibùsùn, kí òun kúkú wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ epo tí ó wọ́n. Ìgbì òkun ni ọkàn rẹ̀ lọ sí. Ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tílándì, níbi tí ìgbì ti ń ti ojú agbami Àtìláńtíìkì bọ̀ láìsí ìdènà, ìwọ̀n mítà kan ṣoṣo lójú òkun lè gbé agbára tí ó wà láàárín kílówáàtì 40 sí 70 wá.

Ẹ̀rọ tí ó ṣe ni àwọn ènìyàn ń pè ní Pẹ́pẹ́yẹ Salter. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, nítorí náà kì í da omi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ rú. Iwájú rẹ̀ yọ ṣóńṣó bí àgógó pẹ́pẹ́yẹ. Bí ìgbì bá ti dé, àgógó náà á gbéra sókè, bí ìgbì bá kọjá, á tún tẹrí ba. Mímì orí yìí ni yóò máa ti epo inú pọ́ǹpù, epo náà ni yóò sì máa yí jẹnẹrétọ̀ tí ń mú iná jáde. Nínú tánkì omi tóóró kan tí wọ́n ti dán àwòṣe rẹ̀ wò, pẹ́pẹ́yẹ náà gba ohun tí ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára ìgbì lọ. Ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Nature gbé iṣẹ́ náà jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1974.

Kì í ṣe Edinburgh nìkan ni irú èrò yìí ti ń sọ. Ní ìlú Trondheim ní ilẹ̀ Nọ́wè, Kjell Budal àti Johannes Falnes bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti wọn ní 1973. Ní 1975 wọ́n fi hàn pé ohun kékeré tí ó léfòó lè fa agbára láti inú ìgbì tí ó fẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ, bí okùn àńtẹ́nà tín-ín-rín ti ń mú ohùn rédíò láti inú afẹ́fẹ́ gbogbo. Ní Belfast, Ọ̀jọ̀gbọ́n Alan Wells ronú lórí yàrá kan tí a kọ́ sójú omi. Bí ìgbì bá gòkè nínú yàrá náà, yóò ti afẹ́fẹ́ jáde, bí ó bá sọ̀kalẹ̀, yóò fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ọ̀nà méjì tí ó takora ni afẹ́fẹ́ náà ń gbà, ṣùgbọ́n tọ́báìnì tí Wells ṣe ń yí sí apá kan ṣoṣo nígbà gbogbo. Gbogbo èyí ti inú yunifásítì jáde, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá olùkọ́ wọn ṣírò, tí wọ́n ń bá a wọn omi, tí wọ́n sì ń bá a jó irin pọ̀.

Omi tí a lè pè padà

Ní 1976, ìjọba Bìrìtéènì bẹ̀rẹ̀ ètò ìwádìí lórí agbára ìgbì òkun. Nígbà tí ó di 1977, Edinburgh ti kọ́ tánkì ńlá kan tí ẹ̀rọ tí ó lé ní 80 ń dá ìgbì sílẹ̀ ní etí rẹ̀. Ní ọdún kan náà, wọ́n gbé ọ̀wọ́ àwọn pẹ́pẹ́yẹ lọ sórí adágún Loch Ness láti fi omi gidi dán wọn wò.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí tánkì náà ń ṣe kò lè mọ ìdí tí owó akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe pàtàkì. Òkun kì í ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ̀rọ bá fọ́ lójú òkun lálẹ́ òní, kò sí ẹni tí ó lè sọ fún ìgbì tí ó fọ́ ọ pé kí ó padà wá lọ́la kí a lè wò ó dáadáa. Nínú tánkì, ìgbì tí a dá sílẹ̀ ní òwúrọ̀ ni a lè tún dá sílẹ̀ ní ọ̀sán. Akẹ́kọ̀ọ́ lè yí ohun kan ṣoṣo padà lára àwòṣe rẹ̀, kí ó pe ìgbì náà padà, kí ó sì wo ìyàtọ̀. Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ìbàlẹ̀ ọkàn ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí òkun bá ń hó, ọjọ́ tí omi pa rọ́rọ́ ni ó ti kọ́ ọ. Àkókò tí omi pa rọ́rọ́ yẹn gan-an ni owó ìwádìí ń rà fún ọ̀dọ́ ènìyàn.

Ìdájọ́ ọdún 1982

Ṣùgbọ́n ohun tí ìjọba béèrè lọ́wọ́ àwọn olùwádìí náà wúwo jù. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya àwòrán ilé-iṣẹ́ iná tí yóò mú mẹ́gáwáàtì 2,000 jáde lójú òkun, kí wọ́n sì ṣírò iye tí iná náà yóò jẹ́. Kò sí ẹ̀rọ ìgbì kankan lágbàáyé nígbà náà tí ó tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ohun tí wọ́n béèrè. Ó dà bí ìgbà tí a ní kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin kóró ọ̀pẹ kan ṣírò iye epo tí yóò ti inú oko ọ̀pẹ jáde. Ní ilẹ̀ Dẹ́máàkì ní àkókò kan náà, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn alágbẹ̀dẹ kéékèèké ń ṣe ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí kò ju ìwọ̀n kílówáàtì 22 tàbí 55 lọ. Wọ́n ń tà á, ó ń bàjẹ́, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń fi ọdọọdún ṣe èyí tí ó tóbi díẹ̀ sí i. Ọ̀nà kékeré yìí ni iṣẹ́ afẹ́fẹ́ gbà di ńlá.

Ní oṣù kẹta ọdún 1982, ìgbìmọ̀ tí ń gba ìjọba Bìrìtéènì nímọ̀ràn lórí ìwádìí agbára jókòó, wọ́n sì dá a lábàá pé kí wọ́n dín ètò ìgbì òkun kù gidigidi. Ìdí tí wọ́n mú wá ni pé iná láti inú ìgbì yóò wọ́n jù. Salter kò gbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ó fi ń sọ pé ìṣirò tí wọ́n fi dájọ́ kò tọ̀nà, ó sì ń tọ́ka sí i pé ibùdó tí ó ń ṣe àkóso ètò náà, tí ó wà ní Harwell, wà lábẹ́ àjọ tí ó ń rí sí agbára átọ́míìkì.

Ó tọ́ kí a gbọ́ ẹjọ́ ẹnu ìjọba pẹ̀lú. Epo ti ń jáde ní òkun Àríwá ní ìgbà náà, ìbẹ̀rù ọdún 1973 sì ti ń rọlẹ̀. Owó ìlú kò pọ̀. Kò sì sí ẹ̀rọ ìgbì ńlá kan tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko láìbàjẹ́. Ẹni tí ó bá jẹ́ olùṣírò owó lè wo gbogbo èyí kí ó sì sọ pé kí wọ́n dúró ná. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n dá dúró, ọ̀rọ̀ náà kì bá tí burú tó bí ó ti burú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé owó tí wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn bá owó tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ olùwádìí fọ́nká. Ẹni tí ó ti fi ọdún márùn-ún mọ ìwà ìgbì lọ wá iṣẹ́ síbòmíràn, nítorí pé ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Àwọn ọ̀dọ́ tí ì bá wá rọ́pò rẹ̀ kò rí ohun tí wọn yóò wá ṣe níbẹ̀. Nígbà tí àánú ìgbì òkun tún ṣe ìjọba ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn kan tún ní láti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ohun tí àwọn mìíràn ti mọ̀ rí.

Ìmọ̀ tí ó yà sí ọ̀nà mìíràn

Síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò bọ́ sọnù. Ohun tí àwọn díẹ̀ tí ó kù ní Edinburgh fi ìmọ̀ wọn ṣe yẹ fún àfiyèsí. Pẹ́pẹ́yẹ Salter nílò pọ́ǹpù tí yóò lè gba agbára tí ń pọ̀ tí ó sì ń dín kù ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, nítorí pé ìgbì kì í dọ́gba. Win Rampen, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Edinburgh, ṣiṣẹ́ lórí irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí. Ní 1994 ó bá wọn dá ilé-iṣẹ́ Artemis sílẹ̀ láti máa ṣe é. Ní 2010, Mitsubishi ti ilẹ̀ Jàpáánì ra ilé-iṣẹ́ náà, ó sì fi ìmọ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 7. Pẹ́pẹ́yẹ náà kò dé ojú agbami títí di òní, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù tí wọ́n rò nítorí rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Bákan náà, àwọn kan láti inú ẹgbẹ́ Salter dá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe tánkì ìgbì sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, àwọn yunifásítì ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sì ń ra tánkì lọ́wọ́ wọn.

Ní Belfast, ẹgbẹ́ Trevor Whittaker kò dáwọ́ dúró. Ní erékùṣù Islay ní Skọ́tílándì, wọ́n kọ́ yàrá ìgbì kan tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 75, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ ní 1991 tí wọ́n sì pa tì ní 1999. Ohun tí wọ́n kọ́ lára rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ èkejì tí ó jẹ́ kílówáàtì 500 ní 2000. Tọ́báìnì Wells ni ó ń yí nínú méjèèjì.

Nọ́wè náà gba ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní 1985 wọ́n kọ́ ilé ìgbì kan tí ó jẹ́ kílówáàtì 500 sí Toftestallen, nítòsí Bergen. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1988, ìjì já a kúrò lára àpáta. Budal kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n Falnes kò yé kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì kó gbogbo ìmọ̀ náà jọ sínú ìwé kan tí ó jáde ní 2002, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí ń lò kárí ayé. Irin tí ó wà ní Toftestallen ti lọ, ìwé náà ṣì wà.

Owó ìwádìí padà dé

Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìgbìmọ̀ ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí ná owó lórí ìgbì òkun. Ní 1993, àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Edinburgh. Ní ilẹ̀ Pọ́túgà, António Falcão àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lisbon ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ìgbà pípẹ́, ilé ìgbì kílówáàtì 400 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní erékùṣù Pico ní 1999.

Edinburgh náà ni Richard Yemm ti kẹ́kọ̀ọ́, ibẹ̀ ni ó sì ti bá iṣẹ́ ẹgbẹ́ Salter pàdé. Ní 1998 ó dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti ṣe ẹ̀rọ tí ó pè ní Pelamis, èyí tí ó jẹ́ orúkọ irú ejò òkun kan. Ẹ̀rọ náà gùn tó mítà 120, ó léfòó gbọọrọ lójú omi, ó sì ní oríkèé. Bí ìgbì bá ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, àwọn oríkèé náà á máa tẹ̀, títẹ̀ wọn á sì máa ti epo inú pọ́ǹpù gẹ́gẹ́ bí mímì orí pẹ́pẹ́yẹ ti ń ṣe. Ní 2003, wọ́n ṣí ibùdó ìdánwò ẹ̀rọ òkun sílẹ̀ ní àwọn erékùṣù Orkney, níbi tí okùn iná ti wà lábẹ́ omi tẹ́lẹ̀ tí ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ lè so mọ́. Ibẹ̀ ni Pelamis ti fi iná ránṣẹ́ sínú okùn iná orílẹ̀-èdè ní 2004. Ní 2008, mẹ́ta nínú irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aguçadoura ní Pọ́túgà, àpapọ̀ wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 2.25.

Àwọn ọdún wọ̀nyí gan-an ni owó ìwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́ padà dé, ó sì dé pẹ̀lú ọgbọ́n tí kò sí nínú ti àtijọ́. Láti 2004, owó Yúróòpù dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní WaveTrain, èkejì rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 2008. Òfin irú owó yìí ni pé olùwádìí gbọ́dọ̀ kúrò ní orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìmọ̀ kò ní jókòó sí yàrá kan ṣoṣo mọ́ tí ìjọba kan ṣoṣo yóò fi lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní Bìrìtéènì, àwọn yunifásítì para pọ̀ ní 2003 lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní SuperGen Marine, Edinburgh ni ó sì jẹ́ olórí rẹ̀. Ní nǹkan bí 2012, ètò mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ IDCORE gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Yunifásítì Edinburgh, Strathclyde àti Exeter, pẹ̀lú ilé ìwádìí òkun tí ó wà ní Oban, ni wọ́n jọ ń kọ́ wọn. Ọdún mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń lò, inú ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ẹ̀rọ òkun ni ó sì ti ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ó ń wádìí ìṣòro tí ilé-iṣẹ́ náà ní lọ́wọ́.

Ṣé owó náà ṣòfò?

Ìtàn náà kì bá dùn púpọ̀ bí ó bá parí síbẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta tí ó wà ní Aguçadoura kò lo ju oṣù díẹ̀ lọ kí wọ́n tó wọ́ wọn padà sí èbúté. Ìṣòro wà lára ẹ̀rọ, ilé-iṣẹ́ tí ó ń náwó lé wọn lórí sì wọ gbèsè nínú ìdààmú owó tí ó gba gbogbo ayé ní ọdún náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Pelamis fúnra rẹ̀ dojú dé. Ní 2018, apá kan ilé ìgbì tí ó wà ní Pico wó sínú òkun.

Nítorí náà ni àwọn kan fi ń béèrè pé, kí ni èrè owó tí a ń san fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ́ iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ kò tíì ná? Wọ́n ní a ń kọ́ akọ̀pẹ sí ìlú tí kò ní ọ̀pẹ. Wọ́n tún ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gba owó náà ni ó ti yà sí iṣẹ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ nígbà tí wọ́n parí, nítorí ibẹ̀ ni owó oṣù wà. Àríyànjiyàn yìí lágbára, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé omi kan náà ni ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí a rì mọ́ inú òkun dúró sí. Ẹni tí ó ti mọ bí ìgbì ti ń lu irin, bí a ti ń so ohun tí ó léfòó mọ́ ilẹ̀ òkun, àti bí okùn iná ti ń pẹ́ lábẹ́ omi, kò sọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ nù nígbà tí ó lọ síbẹ̀. Ìdáhùn kejì wà nínú iṣẹ́ ìṣàn òkun, ìyẹn agbára omi tí òṣùpá àti oòrùn ń fà lọ fà bọ̀ lójoojúmọ́. Ilẹ̀ Faransé ti kọ́ ilé-iṣẹ́ ìṣàn òkun mẹ́gáwáàtì 240 sí ẹnu odò Rance láti 1966, ṣùgbọ́n odi ńlá ni wọ́n fi sé omi náà. Nísinsìnyí, tọ́báìnì tí a rì sínú omi láìsí odi ti ń ṣiṣẹ́. Ní ètò MeyGen, ní àríwá Skọ́tílándì, tọ́báìnì mẹ́rin tí àpapọ̀ wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 6 ni wọ́n gbé sí abẹ́ òkun láàárín 2016 sí 2018. Ní Orkney, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí ó ń léfòó, tí ó jẹ́ mẹ́gáwáàtì 2, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Àwọn yunifásítì àti ibùdó ìdánwò tí ìgbì òkun mú kí wọ́n dá sílẹ̀ wà lára ohun tí iṣẹ́ ìṣàn òkun gùn lé lórí.

Ìdáhùn kẹta ni ó wúwo jù. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni owó akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó lé ní ogún ọdún láti ìgbà tí pẹ́pẹ́yẹ Salter ti jáde kí wọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ Pelamis sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kò lè gbé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣáájú, kí ó mú un síwájú díẹ̀, kí ó sì fi lé ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Bí ọwọ́ kan bá já láàárín, ohun tí ó wà lọ́wọ́ yóò bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ tí ó já nìyẹn ní 1982. Àwọn àgbà sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nínú ọ̀rọ̀ ìgbì òkun, ilé náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tà tán kí wọ́n tó rántí ọmọ.

Ohun tí ìtàn yìí fi lélẹ̀ fún ìjíròrò kò ṣòro láti sọ. Ìjọba lè ní ìdí rere láti dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀rọ lè wọ́n jù, ó lè ṣáájú àkókò rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé àwòrán rẹ̀ kò tọ̀nà láti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀rọ àti owó akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ohun kan náà, kò sì yẹ kí a fi ìdájọ́ kan ṣoṣo pa méjèèjì pọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ń ná tó láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Ìjọba tí ó bá sì fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú, àfi kí ó rí ẹni tí yóò bi léèrè ibi tí iṣẹ́ náà dé dúró.

Ní 2014, ọdún tí Pelamis wọlẹ̀, Yunifásítì Edinburgh ṣí tánkì tuntun kan tí ó rí róbótó, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 25, tí ó sì gba omi tí ó tó lítà mílíọ̀nù 2.4. Ìgbì lè ti ibikíbi wá nínú rẹ̀, ìṣàn òkun náà sì lè máa lọ lábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí lójú agbami. Salter kú ní oṣù kejì ọdún 2024, láìrí pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ lójú òkun Àtìláńtíìkì. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ tánkì náà, àwọn ọ̀dọ́ tí a bí lẹ́yìn 1982 ṣì ń gbé àwòṣe wọn lé omi, wọ́n ń pe ìgbì, wọ́n ń wo ìyàtọ̀, wọ́n sì ń pè é padà.